Opó Tó Ń Kàwé Òfin

Ọjọ́ Ajé, 28 avril

Ètò ìkàwé tí Tadjoudine kọ fún mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ló fa ìlà rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀ tó máa ń dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyanrìn. Lundi, òfin ìdílé. Mardi, òfin àdéhùn. Mercredi, ìlànà ilé-ẹjọ́. Níwájú vendredi, ọjọ́ Jímọ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÌSINMI, BÁ ỌKỌ RẸ JẸUN. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ èrò gbaka pa á lọ́nà Yopougon, ní Abidjan níbí, mi ò sì tíì lè já bébà yẹn kúrò.

Lónìí mo kọ tèmi. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ ohun kan náà: "Ṣé o rí i, opó yìí náà á fún ẹ láyè láti kàwé." Wọ́n á sọ ọ́ bíi pé ẹ̀bùn ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí n kò ní fẹsẹ̀ kan ọjà, tí n kò ní wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Zone 4. Ó dáa, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló gbé mi ṣánlẹ̀. Agbẹjọ́rò tó jẹ́ ọ̀gá mi ní Zone 4 ti fi ẹlòmíràn sórí àga mi. Ó ní tí mo bá yege lọ́dún yìí, kí n padà wá. Tí n kò bá yege, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi. Àdúrà ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ètò tuntun: lẹ́yìn Àsùbáà, òfin ìdílé. Lẹ́yìn Àìlà, àdéhùn. Lẹ́yìn Àìṣáà, ìlànà ilé-ẹjọ́. Mo fi gègé pupa kọ ọ́. Ó dára lójú.

Ọjọ́rú, 30 avril

Ètò ti bàjẹ́. Mi ò rántí fi àwọn olùbánikẹ́dùn sí i.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ dé lẹ́yìn Àìlà, wọn ò dìde títí Àlàásárì fi kọjá. Èmi ni ẹni tí wọ́n wá wò, mo gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹní kí n tẹríba. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ni. Tí omi ò bá sí lójú mi, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Mo fi ìwé òfin àdéhùn sábẹ́ itan, mi ò rójú ṣí i. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí gbá mi mọ́ra, ó ní kí n fara dà á, ọkọ òun náà kú ní kékeré. Mo bi í pé ọdún wo. Ó ní ó ti tó ogójì ọdún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní tirẹ̀, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìyá ọkọ mi, Alájà Ràyhánà, máa ń jókòó tì mí láti òwúrọ̀. Tadjoudine nìkan ló bí lọ́kùnrin. Kò tíì padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Adjamé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ó máa ń wo ẹsẹ̀ mi, kì í wo ojú mi.

Ọjọ́ Ajé, 5 mai

Òjò ṣú títí, kò rọ̀. Ojú ewé kan péré ni mo kà.

Ọjọ́ Àìkú, 11 mai

Mo ti rí ọ̀nà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ bóyá ó dára.

Nílé-kéwú tí mo lọ ní Treichville ní kékeré, a máa ń mì síwá sẹ́yìn tí a bá ń kọ́ nǹkan sórí, a ó sì máa fi ohùn fà á. Ọpọlọ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn títí dòní. Yunifásítì ò rí i yí padà. Nítorí náà, lẹ́yìn Àsùbáà, mo máa ń fi ìbòrí bo orí, mo máa ń jókòó sórí ẹní ìkírun, mo sì máa ń fi ohùn kéwú ka òfin ilé-ẹjọ́ lédè Faransé. Ó ń wọlé. Ó ń wọlé ju bó ṣe wọlé rí lọ.

Láàárọ̀ yìí, Alájà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, omi kún ojú rẹ̀. Ó ní: "Ìyàwó, Ọlọ́run á gbà á. Mo ń gbọ́ ẹ láràárọ̀. Sàréè ọmọ mi á tutù."

Kí ni kí n wí? Ṣé kí n sọ fún un pé àkókò tí ènìyàn ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni mo ń kọ lórin? Mo ní: "Àmín, Màmá."

Nígbà tí yóò fi di Àìlà, ó ti sọ fún gbogbo àwọn ìyá ẹgbẹ́. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn mi láti Àsùbáà títí oòrùn á fi yọ dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ní àkókò tí kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ka Yásínì tòótọ́ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà jẹ́ irọ́ pátápátá. Ojú ń tì mí, mo sì ń kà á lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 mai

Ọjọ́ ìdánwò ti jáde. Sandrine ló fi ránṣẹ́. Àwa méjèèjì la jọ ń kàwé láti yunifásítì. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ Baoulé, ìwé òfin ló so wá pọ̀. 12, 13 àti 14 août, oṣù kẹjọ. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí wọ́n fún lówó: "Mouni, cette fois c'est la bonne!" Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, a máa yege.

Mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, mo tún ṣírò rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà ògiri. 6 avril ni Tadjoudine kú. Oṣù mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́wàá: 16 août ni opó mi máa parí. Ìdánwò á ti parí lọ́jọ́ méjì ṣáájú.

Mo sunkún títí Jẹ̀mílà, àbúrò ọkọ mi, fi gbé omi wá. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ni mò ń sunkún. Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, 26 mai

Alfa Sìrájù, tó so yìgì wa, wá ṣàdúrà. Mo fi ìtìjú sápá kan, mo bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni màá jáde opó. Ó fi tẹ̀sùbáà ṣírò rẹ̀. Ó ní 11 août.

Mo ní, "Alfa, 16 ni mo rí."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló ní kí o fi oṣù òyìnbó ka opó? Oṣù ojú ọ̀run la fi ń kà á. Haa, ẹ̀yin ọmọ Abidjan wọ̀nyí."

11 août. Ọjọ́ kan ṣáájú ìdánwò! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ Alfa. Mo ya ètò àtijọ́, mo kọ òmíràn, mo fi oṣù ojú ọ̀run sí apá ọ̀tún, mo fi ti òyìnbó sí apá òsì. Inú mi dùn débi pé mo jẹ attiéké àti ẹja tán, mo tún béèrè òmíràn. Jẹ̀mílà wò mí tìyanu-tìyanu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 juin

Iléyá lánàá. Wọ́n pa àgbò kan péré, ti Alájà. Nígbà tí mo gbóòórùn ẹran sísun, mo sáré lọ bì lẹ́yìn balùwẹ̀. Àwọn ìyá sọ pé ìbànújẹ́ ni, pé ọdún àkọ́kọ́ láìsí ọkọ kì í rọrùn. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 juin

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Wọ́n ní ilé wó lápá Attécoubé. Tòmátì ti di ohun tí wọ́n ń fi ojú kí lọ́jà, Jẹ̀mílà fi tagolo se ọbẹ̀.

Sandrine rìn nínú omi dé ọ̀dọ̀ mi, bàtà lọ́wọ́. Ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tó tẹ̀ fún mi wá. Nígbà tó wo ojú mi, kò bi mí bóyá mo ti kàwé. Ó bi mí ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn. Mo ní láti ìgbà tí Tadjoudine ti kú ni, ìbànújẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jáde lọ sí ilé egbòogi tó wà ní ìkángun àdúgbò, ó fi ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò sáàárín àwọn bébà náà, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

Ìlà méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 juin

Mo gbé bébà ètò mi kalẹ̀, mo ń wò ó látàárọ̀.

Ọmọ Tadjoudine. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni, mo mọ ọjọ́ náà gan-an, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara mi ń gbóòórùn àlùbọ́sà. Inú mi dùn, ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi sí òkú. Ó yẹ kó wà níbí.

Ohun tí mo kọ́ nílé-kéwú ò pamọ́ fún mi: opó tó bá lóyún, ìgbà tó bá bímọ ló ń jáde. Kì í ṣe 11 août mọ́. Nígbà ọyẹ́ ni, ìparí ọdún. Tí mo bá sọ ọ́, ìdánwò ti lọ.

Sandrine fi ohùn ránṣẹ́ lédè Faransé: "Mouni, yako, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́, dákẹ́ di 15 août. Aṣọ opó yín yẹn gbòòrò, ta ló máa mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 29 juin

Òfin ìdílé ló kàn. Mo ń fi ohùn kéwú kà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí mo fi dé orí ọmọ tí baba rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Ìwé ní tí obìnrin bá bí i láàárín ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ọmọ ọkọ náà ni. Kò sídìí láti wá ẹlẹ́rìí. Ọkàn mi balẹ̀ gan-an. Mo ní, ẹ wá wo bí òfin ṣe dára.

Ohùn mi gé. Ọkọ wo?

A so yìgì. Ẹran pọ̀, alùbàríkà pọ̀, Alfa Sìrájù wàásù títí ìrẹsì fi tutù. Ṣùgbọ́n a ò dé mairie, ilé ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Gbogbo àwa ọmọ Ànàgó tí wọ́n bí sí Adjamé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é: yìgì lónìí, mairie nígbà tí nǹkan bá rọrùn. Tí mo bá mẹ́nu bà á, Tadjoudine á ní, "Lẹ́yìn ìdánwò concours rẹ, kí n lè mú Maître, lọ́yà mi, lọ sí mairie." Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń tẹ ìwé ẹjọ́ àwọn obìnrin tí wọn ò dé mairie, tí mo sì máa ń sọ nínú ọkàn mi pé wọn ò lójú.

Lójú ìjọba, n kò lọ́kọ rí. Ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Òkú ò sì lè dìde lọ jẹ́wọ́ ọmọ. Ẹnu àwọn ará ilé yìí nìkan ni ọmọ mi fi máa ní baba. Tí mo bá pa á mọ́ títí mo fi jáde opó, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ kiri, tí ikùn wá yọ, kí ni wọ́n máa wí? Ohun tí èmi náà ì bá wí nípa ẹlòmíràn ni.

Alájà bi mí lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kéwú fi dúró lójijì. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 juillet

Sandrine fún mi ní ìdánwò dánrawò lórí fóònù. Méje nínú ogún. Ó ní mo mọ gbogbo òfin náà sórí, ṣùgbọ́n mi ò dáhùn ohun tí wọ́n bi mí. "O ń ka òfin fún wọn bí ẹni ń kírun. Wọ́n ní kí o yanjú ọ̀rọ̀ náà ni." Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Nílé-kéwú, ẹni tó bá ti kà á pé láìṣì, ó ti yege. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Mo yí ètò padà. Ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan tí mo ní láti yanjú, ìwé pípadé. Èyí tí kò yanjú rárá wà nínú ikùn mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 juillet

Mọ́kànlá nínú ogún. Ọmọ yẹn yí lónìí. Ó dà bí ìgbà tí ẹja bá fi ìrù kan ènìyàn lẹ́sẹ̀ nínú ọ̀sà. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo wà nínú ilé tó kún fún ènìyàn, mo sì ń sọ̀rọ̀ fún bébà.

Ọjọ́ Àìkú, 27 juillet

Mo ti sọ ọ́.

Alájà ń ká aṣọ tó sá lánàá. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀, bùbá Tadjoudine, tí òun ṣì máa ń fọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, mo lóyún."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ.

"Ti Tadjoudine ni. Lẹ́yìn ààwẹ̀, kó tó kú."

"Ìgbà wo ni o mọ̀?"

Mo lè parọ́. Mo ní: "Juin, Màmá."

"Juin." Ó tún un sọ. "O jẹ́ kí n máa sunkún ọmọ mi láti juin wá, ọmọ rẹ̀ sì wà nínú yàrá kejì."

Ó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó gbé e lé ikùn mi, ó sì ké sí Jẹ̀mílà pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti avril. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó pe mí ní ìyá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pe gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù.

Èmi náà sunkún. Mo ti rò pé ó máa lé mi jáde. Mi ò rò pé ó máa fẹ́ràn mi.

Ọjọ́bọ̀, 31 juillet

Mo bẹ Alájà nítorí ìdánwò. Ọjọ́ mẹ́ta péré, màá lọ lówùúrọ̀, màá dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní rárá. Kò tilẹ̀ bínú, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lé eṣinṣin ni. "Ọmọ Tadjoudine ò ní wọ gbaka."

"Màá wọ taksí, Màmá."

"Ọmọ Tadjoudine ò ní wọ taksí."

Alfa Sìrájù wà níbẹ̀. Ó ní ìwé gba opó láyè láti jáde lójúmọmọ tí ìdí pàtàkì bá wà, tó bá ṣáà ti padà sùn sílé. Inú mi ti ń dùn. Alájà fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Alfa, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Èmi mọ ẹnu ọjà. Opó tó ń jáde, tí ikùn ń yọ síta, kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ ní Adjamé? Tí wọ́n bá bi mí pé ibo ló lọ, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ni màá wí? Mi ò ní búra lórí ohun tí ojú mi ò tó. Tó bá jáde, kó má sọ pé mo mọ baba ọmọ tó máa bí."

Alfa wo ilẹ̀. Mo wo Alfa. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó dìde.

Mo ṣì ń kàwé láràárọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ń kà á fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 août

Alájà wọlé lẹ́yìn Àsùbáà lónìí, nígbà tí mo wà láàárín ìwé. Kò wọlé lákòókò yẹn rí. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn.

"Má dúró," ló wí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe kéwú."

Mo pa ìwé dé.

"Jẹ̀mílà ti sọ fún mi láti mai. Mo ní kó fi ẹ́ sílẹ̀. Ilé yìí dákẹ́ jù láàárọ̀, ohùn tìẹ ni mo fi ń dìde."

Ó ní òun ti rò ó. Òun á bá mi lọ síbi ìdánwò lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun á jókòó sẹ́nu géètì níbi tí gbogbo ayé á ti rí òun, láti ìgbà tí mo bá wọlé títí tí màá fi jáde. Kò sí ẹnu kankan tó máa lè sọ ìsọkúsọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun fúnra òun ló máa pe orúkọ Tadjoudine lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ọkàn mi fò sókè.

"Ṣùgbọ́n Abidjan ti sú mi, ìyàwó. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo dé ibí, mo sì sin ọmọ mi síbẹ̀. Mo fẹ́ lọ sílé. Mi ò lè wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òfo. Tí ọmọ yìí bá ti já lẹ́nu ọmú, èmi ni màá mú un lọ."

"Fún ìgbà wo, Màmá?"

"Títí á fi gbọ́n. Títí á fi mọ ilé baba rẹ̀. Ìwọ á ti di lọ́yà, o ò ní rí i bójú tó lọ́nàkọnà."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá mi gbé ẹrù. Mo wá rí i pé òun náà ti ń ṣe ètò tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 août

Mo pe ìyá mi ní Songon. Mo rò pé ó máa bínú fún mi. Ó ní, "Ọmọ kì í sọnù nílé baba rẹ̀. Èmi náà, Pọ́tónófò ni ìyá baba mi ti tọ́ mi." Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní ó ti ń lọ sí mẹ́rìnlá. Mo bi í bóyá ó dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó ní ẹja ń jóná lórí iná, ó pa fóònù.

Sandrine ní kí n sá, kí n wá sọ́dọ̀ òun, kí n ṣe ìdánwò mi. Tí mo bá sá, ọmọ mi ò ní baba nínú ìwé, kò sì ní ní lẹ́nu ènìyàn. Tí mo bá jókòó, Alájà á ṣì wá gba ọmọ náà lọ́jọ́ kan, nítorí mi ò ní ní iṣẹ́ tí màá fi bọ́ ọ. Mo gbé e síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún, bí Sandrine ṣe kọ́ mi láti yanjú ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní ìdánwò àti orúkọ baba ọmọ mi nínú.

Mo lọ bá Alájà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Mo gbà, Màmá." Ó ní kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́, ó sì bu ẹ̀wà díẹ̀ fún mi kí n bá òun ṣà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 août

A wọ taksí. Èmi nìkan ni mo wọ aṣọ opó funfun nínú gbọ̀ngàn yẹn, gbogbo wọn yà fún mi bí ẹni ń yà fún òkú. Òfin ìdílé. Mo ṣe é dáadáa.

Alájà jókòó lórí àpótí lẹ́nu géètì, agboòrùn lọ́wọ́, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀ṣọ́ kan ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi. Ó ní bí òun bá lọ sábẹ́ igi, òun ò ní rí ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 13 août

Ìlànà ilé-ẹjọ́. Oòrùn mú, kò sí òjò mọ́. Ẹsẹ̀ Alájà wú nígbà tí a délé, mo fi omi gbígbóná jó o fún un. Ó wúre fún mi títí oorun fi gbé e lọ lórí àga. Mi ò lè kórìíra rẹ̀. Ì bá rọrùn.

Ọjọ́bọ̀, 14 août

Ó parí. Òfin àdéhùn ló kẹ́yìn. Wọ́n bi wá nípa ohun tí ènìyàn lè fi ṣe àdéhùn àti ohun tí kò ṣeé fi ṣe é. Kò sí ibi tí mo mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò kà á lórin, mo yanjú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ènìyàn kì í ṣe ọjà, pé bí àwọn méjì bá fi ọmọ ṣe àdéhùn, asán ni níwájú adájọ́, kódà bí àwọn méjèèjì bá fi tọkàntọkàn gbà. Mo fa ìlà sábẹ́ "asán ni". Mo rò pé mo yege lọ́dún yìí. Mo mọ̀ ọ́n lára.

Nínú taksí, Alájà ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù. Wọ́n ti gé igi tó ṣíji bo fèrèsé, wọ́n fẹ́ kun yàrá ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ bo fóònù, ó yíjú sí mi.

"Àwọ̀ wo ni kí wọ́n kùn ún?"

Mo lè sọ fún un pé òfin ò mọ àdéhùn wa. Òfin kan náà ni kò mọ̀ mí ní ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Búlúù, Màmá."